Ìgbà Ìwọ́jọ Èrò

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo "sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ" fún ohun méjì: àsìkò tí èrò pọ̀ jù lójú ọ̀nà, àti bí ọkọ̀ ti ń rìn bí ìgbín. Ó yẹ kí ìperí wọn yàtọ̀.

Oríkì: Ìgbà ìwọ́jọ èrò ni àsìkò tí èrò máa ń pọ̀ jù lójú ọ̀nà ní ọjọ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. "Wákàtí" kò bá a mu, nítorí ó máa ń ju wákàtí kan lọ.

Okùnfà: Ibùgbé àti ibi iṣẹ́ jìnnà síra, iṣẹ́ sì ń bẹ̀rẹ̀ lásìkò kan náà. Ní Èkó, ọ̀pọ̀ ará Agége àti Muṣin ń ṣiṣẹ́ ní Erékùṣù. Afárá mẹ́ta ni wọ́n lè gbà dé ibẹ̀.

Ìyàtọ̀: Ní Lọ́ńdọ̀nù, owó ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ máa ń ga láti agogo 6:30 sí 9:30 òwúrọ̀, àti 4 sí 7 ìrọ̀lẹ́. Ní São Paulo, òfin ọdún 1997 tí ó ń fi nọ́ḿbà ìgbẹ̀yìn ọkọ̀ dá a dúró ní àárín ìlú fi í sí 7 sí 10 òwúrọ̀, àti 5 sí 8 alẹ́.

Èrò lè kún ọkọ̀ ojú irin fọ́fọ́, kí ó sì máa sáré: ìwọ́jọ wà, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò sí. Bí ọkọ̀ kan bá sì bàjẹ́ lórí afárá ní ọ̀sán, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ dé láìjẹ́ ìgbà ìwọ́jọ.