Ìmọ́lẹ̀ Inú Sẹ́ẹ̀lì: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Bóyá Oògùn Ń Pa Jẹjẹrẹ

Ẹ̀kọ́ wa fún oṣù yìí dá lórí àrùn jẹjẹrẹ.

Àwa tí a ń gbé Ajégúnlẹ̀ mọ bí irin ṣe ń dípẹtà ní Owódé Onírin bí òjò bá ń pa á. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń gba ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lọ́wọ́ irin náà. Irú gbígbà bẹ́ẹ̀ ń lọ nínú ara wa pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ètò wà níbẹ̀: inú oúnjẹ tí a jẹ ni ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń wá, ọ́síjìn tí a mí símú ni í gbà wọ́n níkẹyìn, láàárín méjèèjì sì ni sẹ́ẹ̀lì ti ń rí agbára.

Alárù méjì

Àwọn tí ń gbé ẹrù náà dà bí alárù Mile 12. Méjì nínú wọn ni NADH àti FAD. Bí a bá tan iná tí ó yẹ sí wọn, NADH tí ẹrù wà lórí rẹ̀ yóò tàn ní àwọ̀ búlúù. Bí ó bá sọ ẹrù kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ a kú. FAD ní tirẹ̀, ìgbà tí kò bá ru nǹkan ni í tàn ní àwọ̀ ewé. Ẹni tí ó bá fi ìmọ́lẹ̀ méjèèjì wéra yóò mọ bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń lo oúnjẹ àti afẹ́fẹ́ rẹ̀, láìpa á, láìfi aró kùn ún. Ní 1962, Britton Chance ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé a lè ka ìmọ́lẹ̀ NADH lára ẹranko tó wà láàyè.

Sẹ́ẹ̀lì tí kò fẹ́ kú

Sẹ́ẹ̀lì tí ó bàjẹ́ gbọ́dọ̀ kú kí ara lè le. Ní 1972, Kerr, Wyllie àti Currie sọ ikú elétò yìí ní apoptosis, ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí wíwọ́ ewé. Igi a wọ́wé, igi kò ní kú. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ni ewé tí ó kọ̀ tí kò wọ́, tí ó sì ń pọ̀ sí i.

Ní yàrá ìwádìí, àwọn onímọ̀ máa ń kán oògùn sí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tó wà láàyè, wọn a sì fi maikirosikóòpù máa wò ó. Ìmọ́lẹ̀ alárù méjèèjì lè yí padà kí sẹ́ẹ̀lì tó kú. Bí ikú bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀rá kan tó ń gbé apá inú awọ sẹ́ẹ̀lì a yí síta; annexin V, purotéènì tí a ti pa láró, a lẹ̀ mọ́ ọn, a sì tàn. Oògùn tó ṣiṣẹ́ a tipa bẹ́ẹ̀ fara hàn láàárín wákàtí tàbí ọjọ́ díẹ̀, nígbà tí kókó lára aláìsàn lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ó tó súnkì.

Kí ló kàn wá?

Kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè ṣe kókó tí a fi pamọ́ lóore. Àwọn arábìnrin kan ń fi kókó inú ọyàn pamọ́ nítorí ìtìjú, tàbí kí wọ́n pè é ní iṣẹ́ ayé, títí yóò fi di egbò. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ti ṣí ní Ìdí-Àràbà láti 2019. Ẹ̀yin arábìnrin, ẹ tètè sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin arákùnrin, ẹ má ṣe dá ìyá, aya tàbí àbúrò yín dúró. Ẹ sìn wọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà. Wíwá ìtọ́jú kò lòdì sí gbígbẹ́kẹ̀lé Ọlọ́hun.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ìgbà wo ni NADH ń tàn, ìgbà wo sì ni FAD?
2. Bí ẹnìkan nílé wa bá ń fi kókó pamọ́, kí ni a ó sọ fún un?