Seiffen, Ìletò Orí Òkè ní Ilẹ̀ Jámánì

Ní ilé àwọn onígbàgbọ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní nǹkan bí 150 ọdún sẹ́hìn, nígbàtí ọjọ́ Ìsinmi bá dé, a máa ń kó gbogbo ohun ìṣeré ọmọdé pamọ́, àfi ẹyọ kan: ọkọ̀ Nóà onígi, tí erin àti kìnnìún àti àdàbà wà nínú rẹ̀ ní méjì méjì. Nítorí inú Bíbélì li a ti rí ìtàn rẹ̀, a kò ka fífi í ṣeré sí bíba ọjọ́ Olúwa jẹ́. Àwọn ọmọ náà kò mọ ibi tí ó ti wá, bẹ́ẹ̀ni àwọn òbí wọn kò bèèrè. Púpọ̀ nínú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ọwọ́ àwọn tálákà jáde wá, ní ìletò kan lórí òkè ilẹ̀ Jámánì àti àwọn ìletò tí ó yí i ká. Orúkọ ìletò náà ni Seiffen, òun li àwa sì fẹ́ fi ṣe ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí.

Kí olùkọ́ tí ó ní àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù fi ìka lé ìlú Dresden ní ẹkùn Saxony, kí ó sì tọ ìhà gúúsù lọ, kí ó yà díẹ̀ sí ìwọ̀-oòrùn, títí yíò fi fẹ́rẹ̀ kan ààlà ilẹ̀ Czech, tí a ń pè ní Bohemia nígbà àtijọ́. Níbẹ̀ li ọ̀wọ́ òkè kan nà tó bí 150 kìlómítà. Àwọn ará Jámánì ń pè é ní Erzgebirge, èyíinì ni òkè tí a ń wa kùsà nínú rẹ̀. Ní ìhà Saxony òkè náà ń ga díẹ̀díẹ̀, tóbẹ́ẹ̀ tí arìnrìn-àjò kò fi ní tètè mọ̀ pé òun ń gòkè. Ṣùgbọ́n ní ìhà Bohemia ó dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sísàlẹ̀ bí òrùlé. Ṣóńṣó tí ó ga jùlọ ní ìhà Jámánì, tí a ń pè ní Fichtelberg, jẹ́ 1,215 mítà. Seiffen kò ga tó bẹ́ẹ̀. Ó wà ní nǹkan bí 650 mítà, nínú àfonífojì kan, òkè Schwartenberg tí í ṣe 789 mítà sì wà nítòsí rẹ̀.

Ẹni tí ó bá rò pé òun mọ òtútù nítorí pé òun ti rí ọyẹ́, kí ó mọ̀ pé níbẹ̀ omi odò a máa dì, òjò dídì a sì máa bo ilẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ìgbà tí ọ̀gbìn lè fi dàgbà kúrú, ilẹ̀ náà kò sì lọ́ràá. Ọ̀dùnkún òyìnbó àti irú ọkà kan tí ó lè farada òtútù ni olórí ohun tí wọ́n ń gbìn. Kì í ṣe nítorí oko li ènìyàn ṣe lọ tẹ̀dó sí irú ibẹ̀ yẹn. Ohun tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ li ó fà wọ́n.

Li ọdún 1168 a rí fàdákà níbi tí ìlú Freiberg wà lónìí, láti ìgbà náà li àwọn awakùsà sì ti ń rọ́ lọ sí orí òkè náà. (Èyí yíò dùn mọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé: ní ìhà Bohemia òkè kan náà ni ìlú Joachimsthal wà. Owó fàdákà tí a bẹ̀rẹ̀ sí rọ níbẹ̀ ní nǹkan bí 1520 li a ń pè ní thaler, láti ara rẹ̀ li orúkọ dọ́là sì ti jáde.) Ohun tí a rí ní Seiffen kì í ṣe fàdákà bíkòṣe tánganran, èyí tí a dárúkọ pẹ̀lú wúrà àti òjé nínú ìwé Númérì. A rí orúkọ ìletò náà nínú ìwé li ọdún 1324, orúkọ ọ̀hún fúnra rẹ̀ sì ń sọ iṣẹ́ àwọn tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, nítorí ó ti inú ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún fífọ yanrìn odò wá. Wọn a darí omi gba orí yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́; omi a gbá èyí tí ó fúyẹ́ lọ, èyí tí ó ní tánganran nínú a sì jókòó sísàlẹ̀ nítorí ìwúwo rẹ̀. Nígbàtí ti inú odò dínkù, wọ́n wọ inú àpáta lọ. Kòtò ńláńlá tí wọ́n wà sílẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ di òní.

Ṣùgbọ́n tánganran kì í hù padà bí iṣu. Bí kòtò ti ń jìn, bẹ́ẹ̀ ni ìnáwó ń pọ̀ tí èrè sì ń kéré, ogun ọgbọ̀n ọdún tí ó jà ní Jámánì láti 1618 dé 1648 sì tún ba iṣẹ́ jẹ́. Awakùsà tí owó rẹ̀ kò tó jẹun níláti wá ohun mìíràn kún un. Kíni ó kù fún un? Igbó wà, omi wà, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ iṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ ńlá tí omi ń yí, tí a ti ń fi fọ́ òkúta, lè yí ẹ̀rọ ìgbẹ́gi pẹ̀lú: a ó fi igi kọ́ ẹ̀rọ náà, yíò máa yí i kíákíá, ẹni tí ó dúró tì í yíò sì fi irin mímú gé e ní ìrísí tí ó bá fẹ́. Àwo àti ṣíbí àti bọ́tìnnì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣe. Ohun ìṣeré dé lẹ́hìn náà. Wọ́n ń sọ ọ́ níbẹ̀ títí di òní pé li ọdún 1699 ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Johann Friedrich Hiemann kó irú ọjà bẹ́ẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó sì fi ọwọ́ tì í lọ sí ọjà ńlá ti Leipzig. Ẹ wo ìrìn-àjò náà li àwòrán ilẹ̀, kí ẹ sì rántí pé ó níláti tì í padà gòkè. Nígbàtí wíwa kùsà parí pátápátá ní Seiffen li ọdún 1849, ìletò náà kò tú, nítorí igi ti gba ipò tánganran.

Ọgbọ́n kan wà tí wọ́n dá ní agbègbè náà ní nǹkan bí ọdún 1800, òun li ó sì yà wá lẹ́nu jùlọ. Oníṣẹ́ yíò gé ìtì igi tútù ní pẹlẹbẹ, yíò sì kọ́ ọ mọ́ ẹ̀rọ. Bí ó ti ń yí, yíò gé e li ojú kan, yíò yí i padà, yíò sì gé e li ojú kejì, títí yíò fi di òrùka ńlá tí ó ní ibi jíjìn àti ibi yíyọ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yíò wo òrùka náà títí, kò ní rí ohun kan níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí oníṣẹ́ bá fi ọ̀bẹ là á wẹ́wẹ́, bí a ti ń gé àkàrà òyìnbó, màlúù ni yíò já bọ́, tàbí ẹṣin, tàbí erin: orí, ẹ̀hìn àti ẹsẹ̀ ti wà níbẹ̀ ṣáájú. Láti inú òrùka kan ṣoṣo ó lè rí ẹranko tí ó ju 40 lọ. Ẹ kíyèsi pé ní gbogbo ìgbà tí ó ń gé e, kò lè rí ẹranko náà. Inú ọkàn rẹ̀ ni àwòrán rẹ̀ wà. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ yìí lónìí kò pọ̀ mọ́.

Àwa kò gbọdọ̀ fi ẹwà iṣẹ́ náà bo ohun tí ó ná àwọn tí ń ṣe é. Ẹranko tí ó ti inú òrùka jáde kò tíì ní etí tàbí ìrù. A níláti fi ọ̀bẹ gbẹ́ igun rẹ̀, kí a sì kùn ún. Èyí di iṣẹ́ ìyàwó àti ọmọ nínú ilé, lórí tábìlì kan náà tí wọ́n fi ń jẹun. Ọmọ kékeré tí ó lè di búrọ́ṣì mú ti di òṣìṣẹ́, yíò sì jókòó títí alẹ́ fi lẹ́ lẹ́hìn tí ó ti ilé-ìwé dé. Àwọn alágbàtà li ó ń rà á lọ́wọ́ wọn. Àwọn li ó ń fi iye lé e, àwọn li ó sì mọ ẹni tí yíò rà á ní London tàbí ní Amẹ́ríkà. Bí ìdílé kan bá kọ iye náà, ìdílé mìíràn tí ebi ń pa yíò gbà á. Bẹ́ẹ̀ li ó rí tí ọmọdé kan fi ń kun erin, tí kò rí erin rí, fún ọmọdé mìíràn tí yíò fi ṣeré li ọjọ́ Ìsinmi. Àwa gbà pé àwọn tí ó rà á kò ní èrò búburú. Ṣùgbọ́n wọn ìbá bèèrè.

Ọ̀rọ̀ ilé Ọlọ́run wọn kò ṣeé fò. Ẹ̀kọ́ Luther ti di ti ìjọ ní apá Saxony yìí láti 1539, lẹ́hìn tí a sì ṣẹ́gun àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì Bohemia li ọdún 1620, ọ̀pọ̀ nínú wọn sá gba orí òkè náà kọjá, wọ́n sì tẹ̀dó sí ẹ̀gbẹ́ ààlà. Ní 1771 àti 1772 ìyàn ńlá mú ní gbogbo orí òkè náà, ènìyàn púpọ̀ sì kú. Ọdún mẹ́rin péré lẹ́hìn rẹ̀, li ọdún 1776, li àwọn ará Seiffen bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ilé ìsìn tuntun, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1779. Christian Gotthelf Reuther ni olórí àwọn ọ̀mọ̀lé. Igun mẹ́jọ li ilé náà ní, ó kéré, ó sì funfun. Ìjọ jókòó yí ká. Àwọn agbẹ́gi ti gbẹ́ ère ilé ìsìn náà lọ́pọ̀lọpọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ akọrin tí ó wọ aṣọ dúdú, tí ọ̀kan nínú wọn gbé ìràwọ̀ dání. Irú ẹgbẹ́ ọmọ akọrin bẹ́ẹ̀ a máa kọrin káàkiri ìgboro. Luther pàápàá ti kọrin bẹ́ẹ̀ nígbà èwe rẹ̀.

Ti ìgbà tiwa kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti 1949 dé 1990 Seiffen wà lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì ti Ìlà-Oòrùn Jámánì. A kó iṣẹ́ púpọ̀ sábẹ́ ìjọba, a sì ń ta ọjà wọn sí òkèèrè láti fi wá owó ilẹ̀ mìíràn, tóbẹ́ẹ̀ tí ará ilé kì í fi í rí i rà lọ́fẹ̀ẹ́. Láti 1953 li ilé ìkóhun-ìṣeré-pamọ́-sí ti wà níbẹ̀. Lónìí iṣẹ́ ti padà sọ́wọ́ àwọn ìdílé, ilé-ẹ̀kọ́ kan sì wà tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ náà. Ènìyàn bí 2,000 ni ń gbé ìletò náà.

Nígbà òtútù, awakùsà ayé àtijọ́ a máa wọ inú ilẹ̀ kí oòrùn tó yọ, a sì máa jáde nígbàtí ó ti wọ̀. Nítorínáà ni wọ́n ṣe ń sọ pé ìmọ́lẹ̀ ṣọ̀wọ́n fún un ju owó lọ. Títí di òní, bí Kérésìmesì bá ń súnmọ́, a máa tan iná sí ojú fèrèsé gbogbo ní Seiffen. Àṣà àtijọ́ ni pé kí a gbé ère áńgẹ́lì onígi tí ó di fìtílà mú síbẹ̀ fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú ilé, àti ère awakùsà fún ọmọkùnrin kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tí ń kọjá lọ nínú òjò dídì lè ka iye ọmọ tí Ọlọ́run fún wọn.