Oko, Ọkọ, Ọkọ́: Bí Ọ̀rọ̀ Ṣe Ń Sọnù Láàárín Kọ̀ǹpútà Méjì

Oṣù tó kọjá ni mo kó àkójọ ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣe àpilẹ̀kọ àṣekágbá mi kúrò lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi lọ sórí server ọ̀nà jíjìn. SQLite ni mo lò nílé, MySQL 8.0 ló wà lọ́hùn-ún. Mo sọ àkójọ náà di fáìlì CSV, mo lo àṣẹ LOAD DATA LOCAL, ó sì parí láìpariwo. Àbúrò mi ń dúró de kọ̀ǹpútà náà, mo sì ti fẹ́ pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́.

Ọkàn mi ní kí n kọ́kọ́ ka ìlà. Ìlà 1,214 ló kúrò nílé, 1,157 ló dé. Lára ọ̀rọ̀ 57 tó sọnù la ti rí èyí tí ìyá àgbà kan sọ fún mi lóko. Ìyá náà ti papòdà, kò sí ẹni tí mo lè padà lọ bi.

Ìṣòro mẹ́ta ni ẹni tó bá ń kó dátà Yorùbá kiri lè bá pàdé.

1. Kíka lẹ́tà sódì

Nínú UTF-8, báìtì mẹ́ta ni ẹ. Bí a kò bá sọ fún MySQL pé UTF-8 ni fáìlì wa, tó sì rò pé latin1 ni, yóò ka báìtì mẹ́ta náà sí lẹ́tà mẹ́ta: ẹ yóò di áº¹, ṣ yóò di á¹£. Ẹ má fọwọ́ tún un kọ. Ẹ pa èyí tó dé rẹ́, ẹ fi CHARACTER SET utf8mb4 sínú àṣẹ LOAD DATA, kí ẹ sì tún un kó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àmì ìbéèrè níbi tó yẹ kí lẹ́tà wà, lẹ́tà náà ti lọ nìyẹn. Inú fáìlì àkọ́kọ́ nìkan lẹ ti lè rí i.

2. Ìfiwéra tí kì í wo àmì

Èyí ló gbé tèmi mì. Bí a kò bá yan òmíràn, utf8mb4_0900_ai_ci ni MySQL 8.0 fi ń fi ọ̀rọ̀ wéra, kì í sì í wo àmì orí tàbí àmì abẹ́ lẹ́tà. Lójú tiwa, ọ̀rọ̀ márùn-ún ni oko, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀: ibi tí a ti ń dáko, baálé ìyàwó, irinṣẹ́ àgbẹ̀, ohun ìrìnnà, ohun ìjà. Lójú tirẹ̀, ọ̀kan ṣoṣo ni. Mo sì ti fi UNIQUE sí òpó náà, nítorí náà ó gba ti àkọ́kọ́, ó sọ mẹ́rin tó kù nù. Ká ní n kò lo LOCAL ni, ì bá ti kígbe "Duplicate entry", àṣìṣe 1062, kó sì dúró. LOCAL sọ ọ́ di ìkìlọ̀ lásán, àfi kí ènìyàn fi SHOW WARNINGS bi í. Àtúnṣe rẹ̀ rèé:

ALTER TABLE akojo MODIFY oro VARCHAR(100) COLLATE utf8mb4_0900_as_cs NOT NULL;

3. Lẹ́tà kan, ọ̀nà méjì

A lè tẹ ẹ gẹ́gẹ́ bí U+1EB9, tàbí kí a tẹ e kí U+0323 tẹ̀ lé e. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀. Báìtì ni SQLite ń wò, nítorí náà ọ̀rọ̀ méjì ni lójú rẹ̀. Lẹ́yìn àtúnṣe òkè yìí, ọ̀rọ̀ mẹ́fà ṣì kọ̀, wọn ò wọlé. Ìgbà tí mo yẹ̀ wọ́n wò, mo rí i pé mo ti tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lẹ́ẹ̀mejì, lórí fóònù àti lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fi unicodedata.normalize("NFC", oro) nínú Python sọ gbogbo rẹ̀ di ọ̀nà kan kí ẹ tó kó o.

Nísinsìnyí, kí n tó kó ohunkóhun, ọ̀rọ̀ márùn-ún òkè yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ rán. Bí márùn-ún bá dé pẹ̀lú àmì wọn, ọ̀nà dára. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ka ìlà níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Àbúrò mi ti gba kọ̀ǹpútà rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì.