Kíkó Kúrò Nílé Kí Àdéhùn Íntánẹ́ẹ̀tì Tó Parí

Ìbéèrè: Bí ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba bá kó lọ sílé mìíràn kí àdéhùn íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tó parí, ṣé ó ti bọ́ nínú rẹ̀ nìyẹn?

Ìdáhùn: Kò tíì bọ́. Àdéhùn oṣù 12, 18 tàbí 24 kì í parí nítorí pé oníbàárà kó kúrò. Ọ̀nà tó sábà máa ń rọrùn jù ni kí ilé-iṣẹ́ tó ń pèsè íntánẹ́ẹ̀tì náà gbé e lọ sílé tuntun, àmọ́ kí oníbàárà ṣọ́ra: àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn á bẹ̀rẹ̀ àdéhùn tuntun láti orí òdo. Bí wáyà wọn kò bá dé àdúgbò tuntun, àwọn kan á yọ̀ǹda oníbàárà lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn kan á gba owó ìjáde, èyí tí wọ́n ń ṣírò lórí oṣù tó kù. Inú ìwé àdéhùn ni ohun tí ilé-iṣẹ́ náà máa ṣe wà. Kí oníbàárà kà á kí ó tó kó ẹrù.