Láti Ojú Àgbàrá Ìkẹjà dé Òkun: Odò Ìyá Aláró àti Àwọn Ohun Abẹ̀mí Inú Omi

Ìfáárà

Nígbà kan tí a lọ ṣe àbẹ̀wò ìdánrawò olùkọ́ sí ilé-ìwé kan ní agbègbè Agége, akẹ́kọ̀ọ́-olùkọ́ kan ń kọ́ kíláàsì rẹ̀ nípa òkun àti ọ̀sà. Iṣẹ́ náà dára. Nígbà tí ó yá, ó bèèrè ibi tí omi inú gọ́tà ẹ̀yìn ògiri ilé-ìwé náà ń lọ. Ọmọ kan ní inú ilẹ̀ ni ó ń wọ̀ sí, òmíràn ní ìgboro ni ó ń lọ. Kò sí ẹni tí ó dárúkọ ọ̀sà, olùkọ́ náà kò sì tọ́ wọn sọ́nà. Ó bọ́ sí orí ìbéèrè mìíràn. Àlàfo yìí ni a fẹ́ gbìyànjú láti dí nínú àpilẹ̀kọ yìí. Èrò wa ni pé Ìkẹjà àti Agége, bí wọn kò tilẹ̀ fojú kan òkun, ìlú etíkun ni wọ́n. Nǹkan bí 20 kìlómítà péré ni ó wà láàárín Ìkẹjà àti etí Àtìláńtíìkì, omi tí a bá sì dà nù ní Ìkẹjà mọ ọ̀nà ibẹ̀ ju àwa lọ.

Odò Ìyá Aláró

Kí Nàìjíríà tó gba òmìnira ní ọdún 1960 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà. Láti ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti tàn dé Orégùn, Ọ̀gbà, Ìlúpéjú àti Agége: aṣọ híhun, ọ̀dà, ọtí, ọṣẹ, oògùn, ike àti oúnjẹ inú agolo. Odò kékeré kan wà tí ó ń gba omi láti apá Ìkẹjà àti Orégùn, tí ó gba abẹ́ afárá kọjá lẹ́bàá Ojota, tí ó sì ń ṣàn lọ sínú Ọ̀sà Èkó. Odò Ìyá Aláró ni orúkọ rẹ̀.

Ó yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá dúró díẹ̀ níbi orúkọ yìí. Ewé ẹ̀lú àti omi eérú ni aláró ayé àtijọ́ ń lò nínú ìkòkò rẹ̀. Òun náà ń da ìṣẹ́kù nù. A kò gbọdọ̀ sọ pé àwọn baba ńlá wa kò ba nǹkan jẹ́ rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí ó jáde láti ara ewé, ilẹ̀ àti omi mọ bí wọn yóò ti jẹ ẹ́ tán, ìkòkò mélòó sì ni obìnrin kan lè dà nù lọ́jọ́ kan? Aró ìgbàlódé yàtọ̀. Kẹ́míkà ni wọ́n fi ń pò ó, kọ́sítíìkì ni wọ́n fi ń là á, kì í tètè jẹrà. Lóòótọ́, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ aṣọ Ìkẹjà ti kógbá sílé láti bí ọdún 1990 síwájú, síbẹ̀ ọ̀dà, ọṣẹ, ọtí àti ike kò kúrò níbẹ̀.

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀sà

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọ̀sà jẹ́ ibi tí òkun ti ń gba ìyókù omi. Ilé ìtọ́jú ọmọ ni ọ̀sà jẹ́ fún òkun. Ẹ wo edé. Inú òkun ni ìyá edé ti ń yé ẹyin. Àwọn ọmọ tí ó wẹ́ bí eruku yóò bá omi iyọ̀ wọ inú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi òjò ti fà sẹ́yìn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹun, tí wọ́n ń fara pamọ́ sínú koríko àti gbòǹgbò igi etí omi, títí wọn yóò fi dàgbà tó láti padà sí òkun. Ẹni tí ó bá ba ọ̀sà jẹ́ ti pa ẹja òkun lójú oyún.

Ọ̀nà tí ìdọ̀tí ń gbà pani kò fara hàn sí gbogbo ènìyàn. Ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran láti ibi ìpẹran, irú èyí tí ó wà ní Oko Ọba ní Agége, kì í ṣe májèlé fúnra wọn. Bí a bá dà wọ́n sínú omi láìtọ́jú wọn, àwọn kòkòrò àìfojúrí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ wọ́n, ọ́síjìn inú omi ni wọn yóò sì máa mí bí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Ẹja kò ní rí èyí tí yóò mí mọ́. Àwọ̀ aró ní tirẹ̀ a máa dí ìmọ́lẹ̀ oòrùn mọ́ àwọn ewéko inú omi. Òjé àti irú rẹ̀ a rọlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, níbi tí akàn àti edé ti ń wá oúnjẹ, ọ̀bọ̀kún a sì gbé akàn mì. Ẹni tí ó jókòó ti àwo ọbẹ̀ ni ó kù.

Àpẹẹrẹ tí ó burú jù lọ wá láti Minamata ní ilẹ̀ Japan. Ilé-iṣẹ́ kan ń da mẹ́kúrì sínú omi etíkun. Àwọn ológbò tí ń jẹ ẹja ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọ́n ń ṣubú. Ní ọdún 1956 ni wọ́n kéde pé àìsàn náà ti wọ ara ènìyàn. Ọdún 1968 ni ilé-iṣẹ́ náà tó dáwọ́ dúró.

Ní ti ọ̀rá àti ike, òjò àkọ́rọ̀ ni ẹlẹ́rìí wa. Gbogbo ohun tí ó ti sùn sínú gọ́tà láti ìgbà ọyẹ́ ni yóò gbá lọ sínú ọ̀sà, tí yóò sì gba ẹnu èbúté jáde sí òkun. Àwọn ìjàpá òkun tí ń wá yé ẹyin sí etíkun wa a máa gbé ọ̀rá mì, nítorí pé ó jọ àwọn ẹran omi rọ̀bọ̀tọ̀ tí wọ́n ń jẹ.

Òfin àti ìnáwó

Lẹ́yìn tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti ilẹ̀ Ítálì wá dà sí Kókò ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá àjọ FEPA sílẹ̀. NESREA gba ipò rẹ̀ ní ọdún 2007. Ìpínlẹ̀ Èkó dá LASEPA tirẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1996. Òfin kọ́ ni a kò ní. Omi ìdọ̀tí ṣeé wẹ̀: a ó jẹ́ kí ó tòrò nínú adágún, a ó fẹ́ atẹ́gùn sí i kí àwọn kòkòrò àìfojúrí lè jẹ ìdọ̀tí inú rẹ̀ tán níbẹ̀ dípò inú ọ̀sà, a ó sì pa oró rẹ̀ kí a tó tú u sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni ó ń fẹ́ atẹ́gùn náà, ẹ̀rọ sì ń jẹ iná. Ẹni tí ń ra dísù láti fi ṣiṣẹ́ kò ní ṣàì rò ó pé òru àti òjò kò béèrè owó. Nítorí náà, ní òru àti nígbà òjò ni ó yẹ kí àwọn aṣọ́mi máa yọjú, kì í ṣe ní agogo mẹ́wàá àárọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà.

Ìpínlẹ̀ Èkó kéde ìfòfindè ike funfun tí a fi ń di oúnjẹ ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú òfin àwọn ike alòkannù ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025. Ìgbésẹ̀ tí ó dára ni. A rántí pé ní ọdún 1957 ni àwọn onímọ̀ sọ pé apá odò Thames tí ó gba Lọ́ńdọ̀nù kọjá ti kú; lẹ́yìn tí wọ́n tún ibi ìwẹ omi ìdọ̀tí ṣe, ẹja padà síbẹ̀, àwọn ẹran òkun tí ń fọ́mọ lọ́mú sì ń bímọ ní ẹnu odò náà lónìí.

Iṣẹ́ nínú kíláàsì

Kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa ní Agége, mẹkáníìkì ni baba wọn, aládìrẹ tàbí alágbo ẹran ni ìyá wọn. Ọ́ìlì àlòkù àti omi kọ́sítíìkì wà lẹ́nu ọ̀nà wọn. Kí olùkọ́ ṣọ́ra kí ó má baà sọ òbí di ọ̀daràn lójú ọmọ. Kí ó bèèrè ohun tí wọ́n ń ṣe sí ọ́ìlì náà àti ẹni tí ó lè rà á, nítorí pé àwọn kan wà tí ń ra ọ́ìlì àlòkù kiri.

A dábàá kí a fi ìwé àpèjúwe ilẹ̀ Èkó kọ́ ojú ọgbọọgba, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi pẹ́ńsù tọ ipa omi láti gọ́tà ilé-ìwé rẹ̀ dé òkun, kí ó sì kọ orúkọ odò kọ̀ọ̀kan tí ó bá pàdé pẹ̀lú àmì ohùn tí ó tọ́. Kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan omi náà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n lọ bi àwọn ẹlẹ́ja ọjà Agége léèrè orúkọ ẹja tí wọ́n ti ń tà nígbà èwe wọn tí wọn kì í rí mọ́, kí wọ́n sì kọ àwọn orúkọ náà sílẹ̀ bí wọ́n bá ṣe gbọ́ wọn.