Ẹrù Dé, Ẹlẹ́rù Kò Tíì Dé

Púpọ̀ nínú yín ló ń bá ẹgbẹ́ tàbí ilé-iṣẹ́ tọ́jú àkọsílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀kọ́ wa lóṣù yìí dá lórí wàhálà kan tí ó sábà máa ń yọjú nígbà tí a bá kó dátábéèsì láti orí sẹ́fà kan lọ sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan tí ó ń fi PostgreSQL tọ́jú owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Òru ni wọ́n kó ẹrù wọn lọ sí sẹ́fà tuntun. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, orúkọ pé, owó pé. Ṣùgbọ́n bí akápò ti fẹ́ kọ owó tí ẹnì kan san sílẹ̀, kọ̀ǹpútà dáhùn pé: permission denied for table owo. Ẹni tí ó fẹ́ tún tábìlì náà ṣe rí èyí: must be owner of table owo. Kò sí ohun tó sọnù. Kí ló wá dé?

1. Ohun tó fà á
Tábìlì kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ni ín. Orúkọ àwọn tó ni nǹkan, tí PostgreSQL ń pè ní role, kì í gbé inú dátábéèsì kan. Sẹ́fà lápapọ̀ ló ń tọ́jú wọn. pg_dump tí a fi ń di ẹrù, dátábéèsì kan ṣoṣo ló ń dì. Ó máa ń kọ ọ́ sára ẹrù pé akapo ló ni ín, ṣùgbọ́n kì í gbé akapo fúnra rẹ̀ dání. Sẹ́fà tuntun yóò wí pé: role "akapo" does not exist. Síbẹ̀, iṣẹ́ kò ní dúró. Ẹrù yóò di ti ẹni tó tú u, èyí tí ó sábà máa ń jẹ́ postgres, ọ̀gá pátápátá. Bí a bá wá dá akapo sílẹ̀ lẹ́yìn náà, bí àlejò ni yóò ṣe wọlé.

2. Ohun tí kò yẹ kí á ṣe
Àwọn kan máa ń fún akápò ní ọ̀rọ̀ aṣínà postgres kí iṣẹ́ lè yá. Lóòótọ́, àṣìṣe náà yóò pòórá. Ṣùgbọ́n kò sí ìlẹ̀kùn tí a tì mọ́ postgres. Àṣìṣe ìka kan, tàbí olè kan tí ó bá gba ibẹ̀ wọlé, lè pa owó tí àwọn ìyá ọlọ́jà ti ń fi pamọ́ láti ọdún pípẹ́ rẹ́. Ẹni tí yàrá kan tọ́ sí, ẹ má fún un ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé.

3. Àtúnṣe
Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ tẹ \dt nínú psql. Yóò fi ẹni tó ni tábìlì kọ̀ọ̀kan hàn. Lẹ́yìn náà:
ALTER TABLE owo OWNER TO akapo;
Bákan náà ni kí ẹ ṣe fún àwọn view àti function. Àwọn àgbà ní ẹni tó lẹrú ló lẹrù. Níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀. ALTER DATABASE yóò yí ẹni tó ni dátábéèsì padà, kò ní fọwọ́ kan tábìlì inú rẹ̀.
Bí ó bá jẹ́ role lásán kan ló ni ẹrù, àṣẹ kan ti tó:
REASSIGN OWNED BY atijo TO akapo;
Ẹ má ṣe lò ó fún postgres. Yóò kọ̀, nítorí ohun èlò sẹ́fà fúnra rẹ̀ wà lórúkọ yẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kíkà àti kíkọ lọ, GRANT tó fún un.

4. Ìdènà
Kí ẹ tó kó ẹrù, ẹ lo pg_dumpall --globals-only lórí sẹ́fà àtijọ́, kí ẹ sì kọ́kọ́ tú èyí sórí tuntun. Bí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ di ti ẹnì kan, ẹ dá akapo sílẹ̀ ná, kí ẹ wá lo pg_restore --no-owner --role=akapo. Kí ẹ tó ṣílẹ̀kùn fún ọmọ ẹgbẹ́, ẹ wọlé bí akapo, ẹ kọ ìlà kan, kí ẹ sì pa á rẹ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni pg_dump kì í gbé dání?
2. Kí ló burú nínú kí akápò máa lo postgres?
3. Ta ni yóò ni tábìlì bí sẹ́fà tuntun kò bá mọ role rẹ̀?