Àpótí Ìmọ̀: Rifampicin, oògùn tó ń pa ikọ́ ife

Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn ikọ́ ife ní Ahougnansou, àdúgbò kan ní Bouaké, lè rí i pé ìtọ̀ òun pọ́n bí omi ọsàn. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Àwọ̀ rifampicin ni. Oògùn yìí ń lẹ̀ mọ́ ẹ́ńsáìmù tí kòkòrò àrùn fi ń ṣe àdàkọ àṣẹ inú jíìnì rẹ̀. Bí àdàkọ bá ti dúró, kò lè ṣe èròjà tó ń gbé ẹ̀mí rẹ̀ ró mọ́.

Ẹlòmíràn á ní ikọ́ ti lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kí ló dé tí ìtọ́jú fi gbọ́dọ̀ pé oṣù 6? Àwọn kòkòrò tó ń yára bí sí i ló kọ́kọ́ kú. Àwọn tó ń tòògbé ló kù, ìgbà tí wọ́n bá sì ta jí díẹ̀ ni rifampicin ń mú wọn. Kí ó tó dé, ìtọ́jú sábà máa ń tó oṣù 18. Bó ṣe lágbára tó yìí, ẹ má lò ó nìkan: láàárín ẹgbàágbèje kòkòrò, díẹ̀ ti yí ẹ́ńsáìmù wọn padà, àwọn náà ni yóò ṣẹ́ kù láti gbilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol fi ń bá a rìn fún oṣù 2, kí òun àti isoniazid tó parí oṣù 4 tó kù. Rifampicin tún ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn ìfètòsọ́mọbíbí oníhóró, nítorí náà kí obìnrin tó ń lò ó sọ fún nọ́ọ̀sì.